Ẹ Bá A Dá Ìsọ̀ Rẹ̀ Sí

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ẹgbẹ́ wa lọ́jà Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀, Emùré àti gbogbo agbègbè gúúsù Èkìtì, ọ̀rọ̀ tá a gbé wá lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ti owó ìsọ̀, kì í sì í ṣe ti gàrí tó wọ́n. Ọ̀rọ̀ àìsàn tí a kì í fẹ́ dárúkọ ni: àìsàn ọpọlọ àti ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn.

Bí ibà bá dá ọ̀kan nínú wa dúbúlẹ̀, ẹni tó jókòó tì í á bá a wo ọjà rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, ẹgbẹ́ á dáwó. Ṣùgbọ́n bí obìnrin bá bẹ̀rẹ̀ sí í dá sọ̀rọ̀, tàbí tí kò rí oorun sùn mọ́, kí là ń ṣe? A ó ní "ayé ló ń ṣe é," a ó sì rọra sún àga wa sẹ́yìn. Kó tó padà dé, ẹlòmíràn ti pàtẹ sójú ìsọ̀ rẹ̀. Ẹ má jẹ́ ká tan ara wa: ẹni tó ṣàìsàn tó tún pàdánù ojú ìsọ̀, ìyà méjì ló jẹ ẹ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í sì í ṣe ti ẹnì kan ṣoṣo. Ọ̀jọ̀gbọ́n Oye Gureje ti Yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìwádìí ní ìpínlẹ̀ 21 nílẹ̀ Nàìjíríà, wọ́n sì tẹ àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 2006. Nínú àgbàlagbà 100, bí 12 ni irú àìsàn yìí ti ṣe rí. Nínú àwọn tó le fún gan-an lọ́dún náà, kò tó ẹnì kan nínú mẹ́wàá tó rí ìtọ́jú gbà. Ẹ ka ìsọ̀ 100 lọ́jà yín, kẹ́ ẹ wá wò ó.

Ìtọ́jú tó dára kì í ṣe ohun àjèjì nílẹ̀ Yorùbá. Ní 1954, Dókítà Thomas Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan ní Àrò tí gbogbo ayé wá gbọ́ nípa rẹ̀. Kò ti àwọn aláìsàn mọ́lé. Inú abúlé tó wà nítòsí ilé ìwòsàn ni wọ́n ń gbé, nínú ilé àwọn ará abúlé, ẹbí aláìsàn kan, ìyá ni o, ẹ̀gbọ́n ni o, sì gbọ́dọ̀ bá a wá láti máa se oúnjẹ fún un. Aláìsàn á lọ gba ìtọ́jú, á padà sábúlé, á sì bá wọn ṣiṣẹ́ oko. Owó ilé wọlé fún àwọn ará abúlé, ara aláìsàn náà ń yá láàárín ènìyàn. Bàbá Lambo padà di igbá-kejì ọ̀gá àgbà Àjọ Ìlera Àgbáyé kó tó kú ní 2004.

Kí ni Àrò kọ́ wa? Oògùn nìkan kò tó. Ibi tí iṣẹ́ àwọn tá à ń pè ní wẹ́fíà ti wúlò nìyẹn. Dókítà á béèrè ohun tó ń ṣe ọ́. Òṣìṣẹ́ wẹ́fíà á béèrè pé ta ló wà nílé, ta ni yóò rán ọ létí oògùn, ṣé gbèsè wà lọ́rùn rẹ, ta ló ń mójú tó àwọn ọmọ. Ṣebí àwa náà mọ irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ í béèrè?

A mọ̀ pé ọ̀pọ̀ wa, ilé babaláwo tàbí ilé àdúrà la kọ́kọ́ ń gbé aláìsàn lọ. A ò bá ẹnikẹ́ni jà. Ní Ìbàdàn àti ní Kumasi lórílẹ̀-èdè Gánà, wọ́n ṣe ìwádìí kan tí àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 2020. Wọ́n ní kí òṣìṣẹ́ ìlera máa lọ bá aláìsàn nílé onísègùn àti nílé àdúrà, kí wọ́n jọ tọ́jú rẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ara àwọn tí wọ́n jọ tọ́jú yìí yá ju ti àwọn yòókù lọ. Ṣùgbọ́n ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ àti pàṣán kì í ṣe ìtọ́jú. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Òfin ìlera ọpọlọ tuntun tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní January 2023, tó rọ́pò òfin ayé àwọn òyìnbó, sọ pé aláìsàn ọpọlọ ní ẹ̀tọ́ bí ẹnikẹ́ni.

Ẹ wá gbọ́ ohun tá a lè ṣe. Bí ọmọ ẹgbẹ́ kan kò bá sùn dáadáa fún ọ̀sẹ̀ méjì, tí kò jẹun, tó ń sunkún láìnídìí, tó ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn ò gbọ́, tàbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ tí kò fẹ́ fojú kan ọmọ, ẹ pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ bi í jẹ́jẹ́. Bó bá sọ pé ikú yá ju ayé lọ, ẹ má ṣe fi í sílẹ̀ ní òun nìkan, ọjọ́ náà gan-an ni kẹ́ ẹ gbé e lọ. Ẹ lè bẹ̀rẹ̀ láti ilé ìwòsàn ìjọba tó sún mọ́ yín. Àwọn dókítà àìsàn ọpọlọ wà ní ilé ìwòsàn Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì ní Adó, wọ́n sì wà ní ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ní Ìdó. Kí ẹnì kan tẹ̀ lé e lọ. Kó má dá oògùn dúró nítorí pé ara ti ń yá. Dókítà ló ń sọ ìgbà tí a ó dá a dúró.

Ní ti ẹgbẹ́, ohun mẹ́ta là ń bẹ̀bẹ̀ fún. Ẹ jẹ́ kí owó ìrànlọ́wọ́ tá a ń yọ fún aláboyún àti ẹni tó ń ṣòjòjò kan àwọn wọ̀nyí náà. Ẹ fún un láyè díẹ̀ lórí owó àjọ tó bá jẹ. Ẹ̀kẹta ló ṣe kókó jù: kí ìyálọ́jà jẹ́ kí ìsọ̀ rẹ̀ wà níbẹ̀ títí yóò fi dé. Kí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ máa gbá ojú ibẹ̀. Lọ́jọ́ tó bá padà dé, kẹ́ ẹ kí i kú ìsimi, kẹ́ ẹ sì ra ọjà lọ́wọ́ rẹ̀.