Àáró tí ó Kọjá Odi Ìlú

Bí ènìyàn bá dé Ararọ̀mí-Ọ̀pin, tàbí ìlú Yorùbá mìíràn tí ó fi ẹsẹ̀ múlẹ̀ nínú iṣẹ́ oko, tí ó sì béèrè bí àwọn baba wa ti ṣe ń kọ ebè rẹpẹtẹ kí òjò tó dá, àwọn àgbà yóò sọ fún un pé ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà. Èkínní ni ọ̀wẹ̀: ẹni tí iṣẹ́ pọ̀ fún yóò bẹ àwọn ẹbí, àna àti ọ̀rẹ́ ní ọjọ́ kan, yóò sì fi oúnjẹ àti ẹmu tẹ́ wọn lọ́rùn. Èkejì ni àáró: àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin bíi mẹ́rin tàbí márùn-ún yóò parapọ̀, wọn yóò ro oko Àjàyí lónìí, wọn yóò ro ti Òjó lọ́la, títí yóò fi kárí gbogbo wọn. Ẹni tí a bá ro oko tirẹ̀ tán, tí ó sì sá nígbà tí ó kan ti ẹlòmíràn, kò lè gbójú sókè mọ́ láàrin ẹgbẹ́.

Ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, àwọn kan ní ilẹ̀ Òyìnbó rò ó bóyá irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lè ṣeé ṣe láàrin orílẹ̀-èdè tí ó ti bá ara wọn jagun. Pierre Ceresole ni aṣáájú wọn, ọmọ ilẹ̀ Switzerland, onímọ̀ ẹ̀rọ, tí baba rẹ̀ ti jẹ Ààrẹ ilẹ̀ náà rí. Ó kọ̀ láti san owó tí ìjọba ń gbà nítorí iṣẹ́ ogun, wọ́n sì tìtorí rẹ̀ sọ ọ́ sí ẹ̀wọ̀n. Ní òpin ọdún 1920 ó kó àwọn díẹ̀ lọ sí Esnes, abúlé kan nítòsí Verdun ní ilẹ̀ Faransé, tí ogun ti wó palẹ̀. Wọ́n fi pákó kọ́ ilé fún àwọn ará abúlé, wọ́n sì dí ihò tí àgbá ti dá sí ilẹ̀ oko. Ṣùgbọ́n ará Jámánì wà nínú wọn. Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sin ọmọ rẹ̀, kò rọrùn fún un láti rí ará Jámánì ní ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ìbáà jẹ́ ṣọ́bìrì ni onítọ̀hún gbé lọ́wọ́. Ní ọdún 1921 wọ́n fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ láìparí. Èmi kò rí ìdí tí a ó fi bú àwọn ará Esnes. Láti inú iṣẹ́ àìparí yìí ni ẹgbẹ́ Service Civil International ti hù. Nígbà tí omíyalé ọdún 1927 ba ilẹ̀ Liechtenstein jẹ́, ó ju 700 ènìyàn lọ tí ó wá láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè ní 1928 láti palẹ̀ òkúta àti yanrìn mọ́ níbẹ̀ láìgba owó iṣẹ́.

Ọ̀nà mìíràn ni èrò yìí gbà dé ọ̀dọ̀ tiwa. James Robinson, àlùfáà aláwọ̀ dúdú ní Harlem ní ìlú New York, dá Operation Crossroads Africa sílẹ̀. Ní 1958 ó kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Amẹ́ríkà, dúdú àti funfun, wá sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà láti bá àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ ṣiṣẹ́ ọwọ́ pọ̀. Kennedy, Ààrẹ Amẹ́ríkà, jẹ́wọ́ lẹ́yìn náà pé àwọn wọ̀nyí ni wọ́n la ọ̀nà fún Peace Corps, tí òun dá sílẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹta, 1961. Ní òpin oṣù kẹjọ ọdún náà àwọn àkọ́kọ́ dé Ghana. Kò pẹ́ tí àwọn mìíràn fi dé Ìbàdàn.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Ìbàdàn yẹ kí a fi sùúrù sọ ọ́. Ní University College ni wọ́n fi àwọn àlejò náà sí, kí wọ́n kọ́ nípa ilẹ̀ wa kí a tó pín wọn sí ilé-ẹ̀kọ́ gẹ́gẹ́ bí olùkọ́. Ní oṣù kẹwàá, ọ̀kan nínú wọn, Margery Michelmore, ọmọ ọdún 23, kọ káàdì kan sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, irú èyí tí a ń fi ránṣẹ́ láìsí àpò ìwé. Ó ní ẹ̀rù ba òun sí ohun tí òun kọ́kọ́ rí: ojú títì ni àwọn ènìyàn ń gbé, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń se oúnjẹ, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tajà, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì ti ń ṣe ìgbọ̀nsẹ̀. Káàdì náà bọ́ sọnù nínú ọgbà. Wọ́n he é, wọ́n dà á kọ, ó sì tàn káàkiri. Òmìnira Nàìjíríà kò tíì ju ọdún kan àti ọjọ́ díẹ̀ lọ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pe ìpàdé, wọ́n pe àwọn àlejò ní amí, wọ́n ní kí wọ́n máa lọ sí ilé wọn, wọn kò sì fẹ́ bá wọn jẹun pọ̀ mọ́.

Kì í ṣe pé irọ́ pátápátá ni ó wà nínú káàdì náà. Wọ́n ń se oúnjẹ tà ní ojú títì Ìbàdàn, ilé ìyàgbẹ́ kò sì kárí ilé. Ṣùgbọ́n àlejò ní ojú, kò fi ríran. Ìyá tí ń din àkàrà ní ẹ̀bá ọ̀nà, ilé ni ó ti jí wá, owó àkàrà náà ni ó sì lè fi rán ọmọ rẹ̀ lọ sí ilé-ìwé. Pẹ̀lúpẹ̀lù, ẹni tí ó wá bá ni ro oko kì í ti ibẹ̀ lọ ròyìn èpò wa fún ará oko kejì. Ohun tí ó dun àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nìyí, mo sì rò pé ó tó ohun tí í dun ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé amí tí wọ́n pe àwọn àlejò náà ti pọ̀ jù.

Michelmore tọrọ àforíjì, ó sì padà sí Amẹ́ríkà. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò bá a lọ. Wọ́n dúró sí àárín àwọn tí ó ń bínú sí wọn, wọ́n ń bá wọn sọ̀rọ̀, títí ìbínú fi rọlẹ̀; lẹ́yìn náà ni wọ́n lọ sí ẹnu iṣẹ́ wọn. Ọ̀pọ̀ ọmọ ilé-ìwé ìgbà náà ni ó kọ́ ìṣirò àti ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ lọ́dọ̀ wọn àti lọ́dọ̀ àwọn tí ó tẹ̀lé wọn.

Bí a bá pe gbogbo èyí ní àáró, ó di ọdún 1987 kí ó tó kan àwa náà. Nígbà tí Bọ́lájí Akínyẹmí jẹ́ Mínísítà fún ọ̀ràn ilẹ̀ òkèèrè, Nàìjíríà dá Technical Aid Corps sílẹ̀, tí ń rán dókítà, nọ́ọ̀sì, olùkọ́ àti onímọ̀ ẹ̀rọ lọ fún ọdún méjì sí ilẹ̀ Áfíríkà, Karibíánì àti erékùṣù Pàsífíìkì. Orílẹ̀-èdè tí ó gbà wọ́n ni ń pèsè ilé. Nàìjíríà ni ń fún wọn ní owó ìjẹun. Nọ́ọ̀sì wa tí ó bá dé Jàmáíkà tàbí Fíjì, òun náà di àlejò níbẹ̀, yóò máa wo ojú títì àwọn onílé, yóò sì máa kọ ìwé ránṣẹ́ sí ilé.