Àlọ́ Tí Ó Wọ Inú Ẹ̀rọ: Ọ̀rọ̀ Fún Àwọn Òbí

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ ní ọ̀sẹ̀ yìí jẹ mọ́ ohun tí àwọn ọmọ wa ń pè ní géèmù. Ní Dọ̀pẹ̀mú níhìn-ín, láti abẹ́ afárá títí dé àwọn ọ̀nà tí ó lọ sí Ẹgbẹ́dá, kò sí ibi tí a kì í ti í rí ọmọ tí ó dorí kodò sórí fóònù, tí ìka ọwọ́ rẹ̀ ń sáré. Bàbá yóò bínú, ìyá yóò gba fóònù náà, ọ̀rọ̀ a sì parí síbẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ṣùgbọ́n ó ṣọ̀wọ́n kí òbí béèrè pé, Ìtàn wo ni ẹ̀rọ yìí ń sọ fún ọmọ mi, ta ni ó sì kọ ìtàn náà? Ìbéèrè yìí ni ó mú wa sọ̀rọ̀ nípa ilé-iṣẹ́ kan ní orílẹ̀-èdè Kamẹrúùnù, tí ó bá wa pààlà ní ìlà-oòrùn.

Kiro'o Games ni orúkọ ilé-iṣẹ́ náà, ní Yaoundé tí í ṣe olú-ìlú wọn. Ọ̀gbẹ́ni Guillaume Olivier Madiba ni ó dá a sílẹ̀. Ní ọdún 2003, nígbà tí ó ṣì wà ní ọ̀dọ́, ni ó bẹ̀rẹ̀ sí gbé ìtàn rẹ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú irinṣẹ́ kan tí àwọn ará Japan ṣe fún ẹni tí ó bá fẹ́ fi kọ̀ǹpútà ṣe eré onítàn. Ọdún mẹ́wàá kọjá kí wọ́n tó ṣí ilé-iṣẹ́ náà, ní oṣù kejìlá ọdún 2013.

Kí ni ó fà á tí ó fi pẹ́ bẹ́ẹ̀? Owó ni. Ta ni yóò fi owó sí òwò tí irú rẹ̀ kò sí ní ìlú? Nítorí náà wọ́n ń ta ìpín nínú ilé-iṣẹ́ wọn fún ẹnikẹ́ni tí ó bá gbà wọ́n gbọ́, nítòsí àti ní òkè òkun, owó díẹ̀díẹ̀ láti ọwọ́ ènìyàn púpọ̀, bí àwọn ènìyàn wa ti í kó owó jọ nínú èésú. Ní ọdún 2015 wọ́n bẹ gbogbo ayé fún ìrànlọ́wọ́ 40,000 euro lórí Kickstarter, èyí tí wọ́n rí gbà sì ju èyí tí wọ́n béèrè lọ. Iná mọ̀nàmọ́ná pẹ̀lú a máa kú mọ́ wọn lọ́wọ́ lẹ́nu iṣẹ́. Ará Dọ̀pẹ̀mú kò nílò àlàyé lórí èyí.

Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹrin, ọdún 2016, eré náà jáde. Orúkọ rẹ̀ ni Aurion: Legacy of the Kori-Odan, èyí tí í ṣe ogún ìdílé Kori-Odan. Enzo jẹ́ ọmọ ọba ní Zama. Ní ọjọ́ tí a ó fi í jọba, tí ó tún jẹ́ ọjọ́ ìgbéyàwó òun àti Erine, ni arákùnrin ìyàwó rẹ̀ dìtẹ̀, ó sì gba ìtẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Tọkọtaya náà di èrò ìgbèkùn, wọ́n ń ti orílẹ̀-èdè kan dé òmíràn láti wá ọ̀rẹ́, àti láti wá agbára tí à ń pè ní Aurion, tí ó ti inú ogún àwọn baba ńlá wá.

Ẹ kíyè sí bí wọ́n ti hun ìtàn náà. Ìjà pọ̀ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ pọ̀ pẹ̀lú. Ní ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá dé, ọmọ ọba náà ní láti ronú lórí bí a ti í ṣe àkóso ènìyàn. Erine kò jókòó sílé de ọkọ rẹ̀. Ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lójú ogun. Wọn kò sì fi eré náà mọ sí ọ̀dọ̀ ẹ̀yà kan ṣoṣo. Wọ́n dá ayé tuntun, wọ́n sì fi àṣà, aṣọ àti irun dídì láti oríṣiríṣi ilẹ̀ Áfíríkà wọ̀ ọ́ láṣọ.

Àwọn kan nínú yín lè ṣiyè méjì nítorí agbára baba ńlá yìí, ó sì tọ́ kí òbí máa ṣọ́ra. Ṣùgbọ́n Ìjàpá tí ń sọ̀rọ̀ bí ènìyàn nínú àlọ́ kò ba ìgbàgbọ́ wa jẹ́ nígbà tí a wà ní kékeré, nítorí àgbà wà níbẹ̀ tí ó ń túmọ̀ rẹ̀ fún wa. Àgbà yìí gan-an ni kò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ tí ó mú fóònù dání. Bí òbí bá jókòó tì í, ó lè bi í pé, Kí ni ọmọ ọba yìí jogún, kí ni ó sì fi ogún náà ṣe?

Lẹ́yìn náà, nítorí pé fóònù ni ó wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn ju kọ̀ǹpútà lọ, ilé-iṣẹ́ náà yí ojú sí eré orí fóònù. Ọ̀kan nínú wọn dá lórí òṣìṣẹ́ ìjọba àti ìwà àbẹ̀tẹ́lẹ̀. Àwa tí a ti jókòó nídìí tábìlì ọ́fíìsì mọ̀ pé ẹ̀kọ́ ńlá ni èyí.

Nítorí náà, kí a tó gba fóònù lọ́wọ́ ọmọ ní alẹ́ òní, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ní kí ó sọ ìtàn inú rẹ̀ fún wa. Bí kò bá sí ìtàn kankan níbẹ̀, kí a gbà á. Bí ó bá sì jẹ́ pé ọmọ náà ni ó ń ya jagunjagun tirẹ̀ sí ẹ̀yìn ìwé ìṣirò, ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo àwòrán náà dáadáa kí ẹ tó mú pàṣán.