Gàrí Ìjẹ̀bú, Èkúté àti Ibà Lassa

Láti nǹkan bí oṣù kọkànlá títí di oṣù kẹrin gan-an ni ibà Lassa máa ń gbérí. Ìpínlẹ̀ Oǹdó tí a jọ pààlà wà lára àwọn ibi tí ó ń yọ lẹ́nu jù ní Nàìjíríà, ọ̀nà márosẹ̀ Ṣágámù sí Benin kò sì ní bodè tí ń dá àìsàn padà.

Ìlú Lassa ní ìpínlẹ̀ Borno ni wọ́n ti kọ́kọ́ dá àrùn náà mọ̀ ní 1969. Èkúté kékeré kan tó ń bá wa gbélé ló ń gbé fáírọ́ọ̀sì rẹ̀ kiri. Kì í pa èkúté náà, ṣùgbọ́n ó wà nínú ìtọ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀. Bí oko bá ti gbẹ, tí wọ́n dáná sun igbó tán, ilé wa ni yóò sá wá jẹun.

Ibi tó ti kan àwa Ìjẹ̀bú nìyí. Gàrí tiwa, omi tútù la fi ń mu ún. Ohunkóhun tó bá bọ́ sínú gàrí lẹ́yìn tí wọ́n ti yan án tán, kò tún ní rí iná mọ́. Ẹni tó ń tẹ ẹ̀bà ṣì ń lo omi gbígbóná. Ẹni tó fi omi tútù, ṣúgà àti ẹ̀pà mu tirẹ̀ ńkọ́? Mi ò ní kí ẹ má mu gàrí o (ọmọ Ìjẹ̀bú wo ló máa gbọ́?). Ẹ ṣáà dé e ni. Àpò tí ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀ ní ilé ìdáná, báfù tó wà lọ́jà mọ́jú láìbò, ibẹ̀ ni èkúté ti ń tọ̀. Ike tó ní ìdérí tó le ni kí ẹ dà á sí. Èyí tí ẹ bá rí ìgbẹ́ èkúté nínú rẹ̀, ẹ má jọ̀ ọ́, ẹ dà á nù.

Àrùn yìí a máa díbọ́n. Ibà, orí fífọ́, ọ̀nà ọ̀fun dídùn, àárẹ̀: ta ló máa rí ìyẹn tí kò ní sáré ra oògùn ibà ní kẹ́míìsì? Ẹ̀jẹ̀ tí gbogbo ayé ń bẹ̀rù kì í sábà jáde. Nínú ènìyàn 10 tó bá kó o, nǹkan bíi 8 ni kò ní ṣàìsàn púpọ̀. Àwọn yòókù ló ń ṣe lọ́ṣẹ́, etí àwọn mìíràn tó yè a sì di. Oògùn ribavirin wà, àmọ́ tí wọ́n bá tètè lò ó ló dára jù. Bí ẹ bá ti lo oògùn ibà fún ọjọ́ 2 tàbí 3 tí ara kò yá, ẹ lọ sí ọsibítù, kí ẹ sì fẹnu ara yín dárúkọ Lassa fún dókítà.

Irú ìdíbọ́n yìí náà ni Ebola fi wọ Èkó ní oṣù keje 2014. Ibà lásán ni wọ́n kọ́kọ́ pe ti arìnrìn-àjò tó gbé e wá láti Làìbéríà. Dókítà Stella Adadevoh ló fura, tó kọ̀ láti jẹ́ kí ó jáde. Àrùn náà ló pa òun náà ní 19 oṣù kẹjọ. Ènìyàn 20 ló kó o, 8 nínú wọn kú. Ṣé ẹ rántí omi iyọ̀ tí àwọn kan fi wẹ̀, tí wọ́n tún mu? Ìyẹn ò dá nǹkan kan dúró. Wíwá tí wọ́n wá àwọn tó fara kan aláìsàn rí, tí wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 900, tí wọ́n sì ń yẹ ara wọn wò fún ọjọ́ 21, ló ṣiṣẹ́.

Lassa náà a máa ti ara ènìyàn ran ènìyàn, láti inú ẹ̀jẹ̀, èébì àti ìtọ̀. Ẹni tó bá ń tọ́jú aláìsàn nílé, kó wọ ìbọ̀wọ́, kó sì fi ọṣẹ fọ ọwọ́ lẹ́yìn tó bá bọ́ ọ. Òkú ńkọ́? Ẹ má tíì wẹ̀ ẹ́, ẹ kọ́kọ́ pe àwọn elétò ìlera.