Igun ayùn fún ìlù alápapọ̀: ẹ̀kọ́ fún gbẹ́nàgbẹ́nà Akparé

Ìlú Ifẹ̀ ni Akparé, lágbègbè Atakpamé ní Tógò. Ana ni ọ̀pọ̀ ará ìta ń pe àwọn èèyàn ibẹ̀. Nínú àṣà Yorùbá, igi kan ṣoṣo ni a máa ń gbẹ́ ikùn rẹ̀ jáde láti fi ṣe ìlù. Igi apá wà lára àwọn igi tí wọ́n ń lò fún bàtá. Àwọn Éwé tó wà ní gúúsù Atakpamé ní ọ̀nà mìíràn. Wọ́n ń to pákó tẹ́ẹ́rẹ́ pọ̀ bí àgbá, wọ́n á sì fi òrùka irin dè é. Bí igi ńlá bá ń wọ́n, ọ̀nà kejì yìí yóò wúlò fún tiwa náà. Igun etí pákó ni ibi tó le níbẹ̀.

Ká sọ pé pákó 12 ni a fẹ́ fi ṣe ìlù gbọọrọ tí òkè àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ bákan náà. Ẹ pín 180 sí ọ̀nà 12, ẹ ó rí 15. Dígíríì 15 ni etí pákó kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ fi dagẹ̀rẹ̀. Bí ayùn bá gé e ní 14.8, kò sẹ́ni tó máa fojú rí i lára pákó kan. Ṣùgbọ́n pákó 12 ní etí 24, àṣìṣe 0.2 lọ́nà 24 sì jẹ́ dígíríì 4.8. Nígbà tí pákó ìkẹyìn bá wọlé, ojú ìpàdé rẹ̀ yóò yanu síta. Bí pákó bá nípọn sẹ̀ǹtímítà 2.5, àlàfo náà á tó mìlímítà 2. Bí igun bá pọ̀ jù, inú ni yóò yanu sí. Igi tí a ti gé tán kò sì ṣe é dá padà.

Àmì tí wọ́n fín sára ayùn orí tábìlì kò tó gbẹ́kẹ̀ lé fún irú iṣẹ́ yìí. Òṣùwọ̀n igun oní-díjítà ló dára: àpótí kékeré tó ní òòfà nídìí, tó ń lo bátìrì, tó sì ń fi igun hàn títí dé 0.1.

Ẹ kọ́kọ́ yọ wáyà ayùn kúrò lára iná. Ẹ gbé òṣùwọ̀n sórí tábìlì ayùn, kí ẹ tẹ bọ́tìnnì tó ń dá a padà sí òdo. Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù lè má tẹ́jú, nítorí náà tábìlì ni òdo wa, kì í ṣe ilẹ̀. Bí ẹ bá sún ayùn síbòmíràn, ẹ tún un ṣe. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé abẹ ayùn ga dé òpin, kí ẹ lẹ òṣùwọ̀n mọ́ ara irin rẹ̀, kó kọjú síbi tó kọjú sí lórí tábìlì. Kó má kan eyín, torí eyín yọ síta ju ara irin lọ. Bí abẹ bá dúró ṣánṣán, 90 ló máa kọ. Ẹ dẹ̀ ẹ́ títí yóò fi kọ 75: dígíríì 15 yín nìyẹn.

Òṣùwọ̀n yìí kò lè wọn igun tí a dá sórí pákó tó sùn sílẹ̀, bíi igun férémù fọ́tò, torí bí nǹkan ṣe tẹ̀ sí ilẹ̀ nìkan ló ń mọ̀. Ohun tí àwọn káfíńtà Tógò ń pè ní équerre ló wà fún ìyẹn.

Òṣùwọ̀n fúnra rẹ̀ sì lè ṣàṣìṣe díẹ̀. Kí ẹ tó fọwọ́ kan igi gidi, ẹ fi àkékù igi gé pákó kúkúrú 12, kí ẹ fi téèpù dè wọ́n yíká. Bí ojú ìpàdé ìkẹyìn bá yanu, ẹ wọn igun àlàfo náà, kí ẹ pín in sí ọ̀nà 24. Iye tí ẹ ó fi tún abẹ ṣe nìyẹn.

Bí ìlù bá fẹ̀ lókè tó sì tín nísàlẹ̀, igun náà yóò dín díẹ̀ sí 15. Àkékù tó fẹ̀ bákan náà lókè àti nísàlẹ̀ kò lè fi èyí hàn. Ẹ gé wọn kí wọ́n tín gẹ́gẹ́ bí pákó ìlù gan-an yóò ṣe tín.