Ìnàkí ń pawó, kí ló kan àgbẹ̀?

1,500 dọ́là! Iye tí àlejò láti Amẹ́ríkà máa san nìyẹn kó tó lè wo ìnàkí fún wákàtí kan ní Rùwáńdà. Owó òtẹ́ẹ̀lì ò sí níbẹ̀ o. 750 ni tẹ́lẹ̀, kí ìjọba tó sọ ọ́ di ìlọ́po méjì lọ́dún 2017.

Ká sòótọ́, owó yẹn wúlò. Wọ́n ń fi ṣọ́ igbó, ìnàkí orí òkè sì ti lé ní 1,000 ní Rùwáńdà, Uganda àti Kóńgò. Àmọ́ ẹfọ̀n náà ń gbénú igbó yẹn. Tílẹ̀ bá ṣú, wọ́n á jáde wá jẹ pòtétò olóko.

Nínú 100 dọ́là tó bá wọlé, 10 péré ló ń kan gbogbo abúlé tó wà nítòsí. Lójú tèmi, ó kéré jù. Àgbẹ̀ tí ò lè sùn nítorí ẹfọ̀n, òun kọ́ ló bá ìnàkí ya fọ́tò.