Ojú Tó Ń Ròyìn Etí

Ẹ sún mọ́ iná dáadáa, ẹ̀yin ọmọ mi. Ohun ìyanu alẹ́ òní kì í ṣe ti iwin, inú ara ọmọ ènìyàn ló wà.

Ìdílé kan wà ní Amẹ́ríkà. Ní 1930, dókítà méjì, Gardner àti Frazier, kọ ìtàn wọn síta: láàárín ìran márùn-ún, ènìyàn 38 ló di adití nínú ẹbí kan ṣoṣo. A kò bí wọn ní adití o! Wọ́n gbọ́ orin, wọ́n gbọ́ ìpè ìyá wọn, wọ́n sì dàgbà kí etí tó di. Kókó ló ń wú lára iṣan tí ń gbé ohùn lọ sí ọpọlọ, lọ́tùn-ún àti lósì. Kì í ṣe jẹjẹrẹ, àmọ́ inú agbárí kò láàyè fún àlejò. NF2 ni wọ́n ń pe àrùn náà.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù rèé: ojú a máa sọ̀rọ̀ ṣáájú etí. Kátáráàtì tí a mọ̀ mọ́ àgbàlagbà, ó ń yọ lójú ọmọdé. Ó ju ìdajì àwọn tó ní NF2 lọ tó ń ní in. Dókítà á kán oògùn sójú ọmọ, ọmọ á gbé àgbọ̀n lé ẹ̀rọ, ìmọ́lẹ̀ tín-ín-rín á wọlé. Lẹ́yìn dígí inú ojú gan-an ni àbàwọ́n eérú wà, bí ìrì lára fèrèsé láàárọ̀ ọyẹ́. Ọmọ náà lè máa kàwé geere, kó má mọ̀ rárá.

Báwo lojú ṣe mọ ọ̀ràn etí? Ní 1993 ni wọ́n rí ohun àjogúnbá tí àrùn yìí ti ń wá lórí kúrómósómù 22. Òun ló ń pèsè èròjà kan tó ń jẹ́ merlin, tí ń sọ fún sẹ́ẹ̀lì pé kó yé pọ̀ sí i. Níbi tí merlin bá ti bàjẹ́, kókó lè wú lára iṣan, dígí ojú náà lè ṣú. Ìdajì-ìdajì ni ó ṣeé ṣe kí òbí tó ní àrùn náà gbé e fún ọmọ kọ̀ọ̀kan. Àmọ́ nǹkan bí ìdajì àwọn tó ní in, kò sẹ́ni tó ní in nínú àwọn òbí wọn. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe pe ìyá ọmọ bẹ́ẹ̀ ní àjẹ́ níwájú mi!

Bí wọ́n bá tètè rí àbàwọ́n yẹn nínú irú ẹbí bẹ́ẹ̀, wọ́n á ya àwòrán orí ọmọ náà, wọ́n á rí kókó nígbà tó ṣì kéré. Wọ́n lè yọ ọ́ nígbà míì kí ìgbọ́ràn má baà lọ tán. Ẹlòmíràn á sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ èdè ọwọ́ nígbà tí etí rẹ̀ ṣì ń gbọ́.