Ẹnu-Ọ̀nà Àbújá àti ti Strasbourg

Ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní Dublin wà lábẹ́ òfin Ireland. Bí ó bá ṣì jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, òfin ibẹ̀ náà kò fi í sílẹ̀. Bí ìjọba bá tẹ ẹ̀tọ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀, ibo ni yóò gbé ẹjọ́ lọ? Ó di ìgbà tí a bá mọ ìjọba tó ṣẹ̀ ẹ́.

Bí ó bá jẹ́ ti Ireland, ilé-ẹjọ́ abẹ́lé ló ṣáájú. Òfin ọdún 2003 pa á láṣẹ fún àwọn adájọ́ kí wọ́n túmọ̀ òfin ilẹ̀ náà, níwọ̀n bí ó bá ti ṣeé ṣe, lọ́nà tí kò ní tako Àdéhùn Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ti Yúróòpù. Ilé-Ẹjọ́ Gíga, tó wà ní Four Courts létí odò Liffey, lè kéde pé òfin kan tako Àdéhùn náà. Ìkéde yìí nìkan kò sì pa òfin náà rẹ́. Ẹni tó bá ti rin ọ̀nà abẹ́lé tán ni Strasbourg ń gbà, oṣù mẹ́rin péré ló sì ní lẹ́yìn ìdájọ́ ìkẹyìn.

Ṣé ọ̀nà tí ẹsẹ̀ ẹni kò ká ni a ó pè ní ọ̀nà? Johanna Airey, obìnrin ìlú Cork tí owó oṣù rẹ̀ kéré, fẹ́ kí Ilé-Ẹjọ́ Gíga yà á nípa sí ọkọ rẹ̀. Kò lówó agbẹjọ́rò, kò sì sí ètò ìrànwọ́ ìjọba fún irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. Ìjọba jiyàn pé ó lè ro ẹjọ́ náà fúnra rẹ̀. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹwàá ọdún 1979, Strasbourg dá ìjọba lẹ́bi: ẹ̀tọ́ tó ṣeé lò ni Àdéhùn ń dáàbò bò, kì í ṣe ti orí ìwé. Mary Robinson, tó di Ààrẹ Ireland lẹ́yìn náà, wà lára àwọn tó gbèjà rẹ̀.

Ti Àbújá yàtọ̀. Lẹ́yìn tí Nàìjíríà ti ibodè òun àti Benin ní 2003, oníṣòwò kan, Olajide Afolabi, pè é lẹ́jọ́ ní Ilé-Ẹjọ́ ECOWAS. Ní 2004, wọ́n dá a padà, nítorí pé aráàlú kò tíì lẹ́tọ̀ọ́ láti pẹjọ́ fúnra rẹ̀ níbẹ̀. Ó pàdánù, ṣùgbọ́n lójú tèmi, àdánù tó so èso ni: ní oṣù Kìíní ọdún 2005, àdéhùn tuntun ṣí ilẹ̀kùn fún aráàlú lórí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn. Kò pọn dandan kí olùpẹ̀jọ́ kọ́kọ́ rin ọ̀nà abẹ́lé tán. Kí ó ṣáà má fi orúkọ rẹ̀ pamọ́, kí ẹjọ́ kan náà má sì sí níwájú ilé-ẹjọ́ àgbáyé mìíràn.

Nípa ọ̀nà yìí ni Hadijatou Mani, tí wọ́n tà lẹ́rú ní ọmọ ọdún méjìlá, fi borí ìjọba Niger ní 2008. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kìíní ọdún 2025, Niger kúrò nínú ECOWAS, òun pẹ̀lú Mali àti Burkina Faso.